Idà àti Owó Orí Ìyàwó: Irin Lọ́wọ́ Àwọn Fang

Nínú àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù, ní Párísì, ní Bẹ̀línì, ní Lọ́ńdọ̀nù, a máa ń bá irú idà kúkúrú kan pàdé tí ó ti inú igbó Áfíríkà Àárín wá. Ojú rẹ̀ gbòòrò bí ewé, ó mú ní ìhà méjèèjì, orí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Igi ni èèkù rẹ̀, a sì fi okùn idẹ tín-ín-rín wé e yípo. Àkọlé tí a sábà máa ń fi sí abẹ́ rẹ̀ kì í ju ìlà kan lọ: orúkọ ẹ̀yà, èyí tí í ṣe Fang, orúkọ ilẹ̀, èyí tí í ṣe Gàbọ̀n, àti pé ohun ìjà ni. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ kò tíì mọ ohun púpọ̀ nípa idà náà, nítorí pé irin kan náà tí alágbẹ̀dẹ Fang fi ń rọ idà ni ó fi ń rọ owó tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó. Ilé arọ́ kan náà ni méjèèjì ti ń jáde. Ìbátan tí ó wà láàrin idà àti owó yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Àwọn Fang ń gbé ní àríwá Gàbọ̀n, ní gúúsù Kamẹrúùnù, àti ní apá Gínì Ibialágedeméjì tí kì í ṣe erékùṣù, èyí tí àwọn ará Sípéènì sọ ní Río Muni. Èdè wọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè Bàǹtú. Àwọn Ewondo àti àwọn Bulu ti Kamẹrúùnù jẹ́ ìbátan wọn tímọ́tímọ́. Àwọn Faransé ìgbà àtijọ́ pè wọ́n ní Pahouin, àwọn ará Jámánì pè wọ́n ní Pangwe, àwọn ará Sípéènì pè wọ́n ní Pamue. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Àwa tí aládùúgbò sọ ní Nàgó, tí àjèjì sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, mọ bí irú èyí ṣe ń rí.

Gàbọ̀n kì í ṣe ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn wa ti lọ sí Libreville láti ṣòwò, láti ránṣọ, láti kọ́ ọmọ ní ìwé; nínú àwọn tí a lé padà wálé ní ọdún 1978, àwọn kan ṣì wà tí wọ́n lè sọ ohun tí ojú wọn rí. Ṣùgbọ́n ọjà àti ilé tí a háyà ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ní ìlú yẹn. Ìtàn àwọn tí a bá níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé etí wa, a sì gbà pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tí ń kàwé mọ̀ ọ́n ju bí àwa ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo idà náà fúnra rẹ̀. Nínú èdè Fang, fa ni orúkọ tí ó kó àdá àti idà pọ̀. Okeng ni ọ̀bẹ, akong sì ni ọ̀kọ̀. Irú idà kúkúrú tí à ń wí yìí ni àwọn olùkójọ sábà máa ń pè ní ntsakh. Láti orí dé ìdí èèkù, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Lára àwọn tí ó dára jùlọ, alágbẹ̀dẹ máa ń fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ojú irin náà, ìlà tí ó ń tọ ojú idà lọ láti ẹ̀bá èèkù títí dé ibi tí ó ti ṣóńṣó. Ọwọ́ tí ó fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sára irin kò gbọdọ̀ gbọ̀n, nítorí pé irin kì í ṣe igi tí a lè fá kí a tún un fín.

Àkọ̀ rẹ̀ tó ohun tí a ń dúró wò. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni a dà pọ̀, a wá fi awọ bò wọ́n: awọ ẹran, awọ ejò, tàbí awọ aláǹgbá ńlá etí odò. A fi ọ̀já awọ kọ́ ọ sí èjìká kí idà lè sùn sí abẹ́ apá. Ẹni tí ó bá ti rìn nínú igbó tí ìtàkùn ti dí ọ̀nà yóò mọ ìdí rẹ̀. Idà gígùn tí ó rọ̀ sí ìbàdí yóò máa há ní gbogbo ìgbà. Èyí tí ó wà lábẹ́ apá kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìjà tí àwọn Fang mọ̀ kì í sì í ṣe ìjà pápá gbalasa. Abúlé wọn jẹ́ ọ̀wọ́ ilé méjì tí ó kọjú síra, tí òpópó kan ṣoṣo la àárín wọn kọjá, pẹ̀lú ilé àwọn ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní abaa, ní orí òpópó náà láti máa ṣọ́ ẹni tí ń wọlé. Nínú irú àyè tóóró bẹ́ẹ̀, idà kúkúrú tí a lè fi gún, tí a sì lè fi gé, ni ó wúlò.

Idẹ tí ó wà lára èèkù kò ti inú igbó wá. Àwọn oníṣòwò etíkun ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun, ní ọ̀pá, ní okùn, ní àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, eyín erin ni a sì fi ń rà á. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ó pàdé nínú idà kan ṣoṣo: irin tí a wà ní ẹ̀yìn abúlé, àti idẹ tí ó la òkun kọjá. Ẹni tí ó wé okùn idẹ náà mọ́ èèkù fi han aráyé pé òun ní irin, òun sì tún ní ẹni tí òun ń bá ṣòwò.

A ní láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára irin mìíràn tí àwọn ilé àkójọ máa ń tò mọ́ ọn nínú àpótí díńgí kan náà. Èyí ni irin tí a rọ bí orí ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn, tí ó ní ojú àti àgógó, tí wọ́n ń pè ní onzil. Àwọn Kota tí wọ́n múlé ti àwọn Fang ní tiwọn pẹ̀lú, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì ń pè é. Ó lẹ́wà púpọ̀, òun ni àwọn olùkójọ sì fẹ́ràn jù, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣíji bo idà. Ní tiwa, idà ni ó ní ìtàn jù láti sọ.

Ta ni ń rọ ọ́, báwo ni ó sì ṣe ń rọ ọ́? Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún ni Paul Du Chaillu, tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Fang ní ọdún 1856 ní agbègbè Monts de Cristal, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1861. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn àsọdùn, a óò sì padà sí èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ilé arọ́, a máa fara balẹ̀, nítorí pé ẹnu yà á. Ó ní nínú gbogbo ẹ̀yà tí òun ti bá pàdé ní agbègbè náà, kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó tó ti Fang. Ó ṣàpèjúwe bí wọ́n ti ń ṣa òkúta irin láti orí ilẹ̀, tí wọ́n sì ń wà á. Bí wọ́n ti ń to igi jọ gègèrè, tí wọ́n kó òkúta náà lé e, tí wọ́n sì ń da igi sí iná fún ọjọ́ púpọ̀ títí tí irin yóò fi yọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tún fi èédú yọ́ ọ, tí wọn yóò lù ú, tí wọn yóò tún gbé e padà sínú iná, títí tí yóò fi di irin tí ó ṣe é fọkàn tán.

Ẹwìrì wọn jẹ́ ìlù igi kúkúrú méjì tí inú wọn ṣófo, tí a fi awọ bo ojú wọn. Ẹni tí ń fẹ́ ẹ kúnlẹ̀, ó ń gbé awọ ọ̀tún sókè bí ó ti ń tẹ ti òsì wálẹ̀ ní kíákíá, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú ọ̀pá igi méjì bọ́ sínú ọ̀pá irin tí ó wọnú iná. Àwọn àgbàlagbà wa tí wọ́n bá rántí ẹwìrì olójú méjì ti àgbẹ̀dẹ ilé yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Irin tí wọ́n ń lu iṣẹ́ lé lórí jẹ́ kùǹdù irin kan tí a ri ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó mọ́lẹ̀. Òòlù wọn kò sì ní igi ìdìmú rárá, irin ẹlẹ́nu fífẹ̀ kan ni, tí alágbẹ̀dẹ yóò fi ọwọ́ gbá mú ní orí tí yóò sì máa lù. Ẹ ronú nípa ọwọ́ tí ó fi irú òòlù bẹ́ẹ̀ rọ idà olójú méjì, kí ojú kan má sì nípọn ju èkejì lọ. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ohun mìíràn tí Du Chaillu sọ ni ó ṣe pàtàkì jùlọ fún wa. Ní àkókò tí ó ń wí yìí, irin Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ti ń dé etíkun Gàbọ̀n, àwọn Fang sì lè rí i rà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rọ ọ̀bẹ àti orí ọfà tí ó dára, irin tiwọn ni wọ́n ń lò, nítorí wọ́n gbà pé ó dára ju ti òyìnbó lọ. Wọ́n ti wo ọjà àjèjì, wọ́n ti dán an wò, wọ́n sì ti yàn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìwé kan máa ń sọ pé Áfíríkà kò ní ohun kan títí tí ọkọ̀ òkun fi dé kò lè dúró níwájú ẹ̀rí yìí, ẹnu ẹni tí kò ní ìdí láti gbè sẹ́yìn àwọn Fang ni ó sì ti jáde.

Àwọn ọmọ Ògún tí wọ́n bá ka èyí yóò fẹ́ béèrè pé, ta ni òrìṣà irin níbẹ̀? A rọ̀ yín kí ẹ má ṣe gbé Ògún lọ sí ibi tí a kò ti pè é. Àwọn babańlá ni àwọn Fang ń bọ. Agbárí àwọn àgbà ìdílé ni wọ́n ń kó sínú àpótí èèpo igi, wọ́n á gbé ère kan lé orí àpótí náà láti máa ṣọ́ ọ, byeri sì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ilé arọ́ kò ní èèwọ̀ tirẹ̀: láàrin ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Áfíríkà Àárín, àwọn tí wọ́n bá ń yọ́ irin kì í súnmọ́ obìnrin títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ṣùgbọ́n irin kò ní ojúbọ tirẹ̀ níbẹ̀ bí ó ti ní in lọ́dọ̀ wa. Ibòmíràn ni agbára rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1895, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Mary Kingsley, gba inú igbó kọjá láti odò Ogooué lọ sí odò Rembwé, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin Fang tí wọ́n ń tọ́nà fún un. Ìwé tí ó kọ jáde ní ọdún 1897. Ó rí i pé àwọn Fang ní owó kan tí wọ́n fi irin rọ, irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí ó jọ orí àáké ṣùgbọ́n tí kò lè gé nǹkan kan. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń fi okùn igbó dì í, ìdì kan ni wọ́n sì ń pè ní ntet. Ó pe owó náà ní bikei. Orúkọ tí ó gbilẹ̀ lónìí ni bikwele, ẹyọ kan sì ni ekwele. Kingsley ṣàkíyèsí pé owó irin yìí ni a gbọ́dọ̀ fi san owó orí ìyàwó. Eyín erin kò lè rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà tàbí ẹrù ilé ìtajà òyìnbó kò lè rọ́pò rẹ̀.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ irin? Fang kan kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ ìdílé rẹ̀. Ìran ńlá tí ó bí i ni ayong rẹ̀, inú ayong mìíràn ni ó sì ti gbọ́dọ̀ wá ìyàwó. Ohun tí yóò gba àárín ìran méjì kọjá gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnì kan kò lè dá ní. Ọdẹ kan ṣoṣo lè pa erin, yóò sì di ọlọ́rọ̀ ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí ó lè dá yọ́ irin. Ẹni tí yóò gé igi, ẹni tí yóò sun èédú, ẹni tí yóò wa òkúta, ẹni tí yóò fẹ́ ẹwìrì lọ́sàn-án àti lóru: gbogbo wọn ni wọ́n wà nínú ntet kan. Nígbà tí bàbá ọmọkùnrin bá ka bikwele sílẹ̀ níwájú àwọn àna, iṣẹ́ gbogbo abúlé ni ó kà sílẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin kò sì ní fi owó náà ra ohun jíjẹ. Yóò tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò gbé ìyàwó tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irin ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí ó ń tọ àwọn obìnrin lẹ́yìn ní ọ̀nà tí ó kọjú sí tiwọn.

A lè wá rí ibi tí idà ti wọlé. Ìran tí a lè fẹ́ ọmọ wọn náà ni ìran tí a lè bá jà. Ìyàwó tí ó sá padà sí ilé bàbá rẹ̀, owó orí tí kò pé, obìnrin tí ọkùnrin abúlé kejì gbà: àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń fa ìjà láàrin àwọn abúlé Fang. Bí bikwele bá pé, idà á wà nínú àkọ̀. Bí kò bá pé, irin kan náà, tí ọwọ́ kan náà rọ, á jáde ní ìrísí kejì. Èrò tiwa ni pé a kò lè lóye ọ̀kan láìsí èkejì, àti pé alágbẹ̀dẹ tí ó jókòó sí àárín méjèèjì kì í ṣe ẹni kékeré. Irin tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ lè di ohun tí a fi ń sọ àna di ọmọ ilé, ó sì lè di ohun tí a fi ń lé àna padà. Àwọn ọ̀dọ́ kò lè gbàgbé èyí, nítorí pé àwọn àgbà ni wọ́n ń tọ́jú bikwele, ẹni tí kò bá sì rí ojúure àgbà kò ní rí ìyàwó, bí ó ti wù kí idà tí ó fi kọ́ èjìká lẹ́wà tó.

Ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun rí kọ́ nìyí. Nínú ìwé Du Chaillu, idà Fang jẹ́ ọ̀bẹ ajẹ̀nìyàn. Ó kọ ọ́ pé àwọn Fang ń jẹ ènìyàn, ìwé náà sì tà wàràwàrà, nítorí ohun tí àwọn òǹkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ gbọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí idà Fang kan tí ó dé Yúróòpù tí ìtàn yìí kò tẹ̀lé. Richard Burton, tí í ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Fernando Po nígbà náà, lọ sí abúlé Fang kan ní ọdún 1862; ohun tí ó rí níbẹ̀ kò dẹ́rù bani tó bí ìwé ti wí. Kingsley fẹ́ràn àwọn Fang tí ó bá rìn, ó sì yìn wọ́n gidigidi, síbẹ̀ ó tún ìtàn jíjẹ ènìyàn sọ nígbà tí ó rí àpò kan tí ẹ̀yà ara ènìyàn wà nínú rẹ̀ nínú ilé tí ó sùn. Ẹ jẹ́ kí a rántí àpótí byeri. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń tọ́jú egungun bàbá wọn sínú ilé, tí wọ́n ń fi epo pa á, tí wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀, ni àjèjì wọ ilé wọn tí ó rí egungun. Òun fúnra rẹ̀ ni ó parí ìyókù ìtàn náà.

Àwọn ọdún yẹn jẹ́ ọdún tí àwọn Fang ń rìn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn ni pé àwọn ti ìhà àríwá ìlà-oòrùn wá, àti pé igi ràbàtà kan, tí wọ́n ń pè ní azap, dí wọn lọ́nà títí wọ́n fi dá ihò sí i lára kí wọ́n tó lè kọjá. Ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n ní irin nìyí: ẹlòmíràn ì bá yí igi náà po. Ní nǹkan bí ọdún 1840 sí 1850, àwọn tí wọ́n ṣáájú nínú wọn ti súnmọ́ etíkun Gàbọ̀n. Ohun tí wọ́n ń wá ni láti bá àwọn olókòwò Yúróòpù ná ọjà fúnra wọn, kí àwọn alágbàtà etíkun má baà máa jẹ èrè eyín erin wọn. Wọ́n rí ọjà náà. Ohun tí ó sì kọ́kọ́ wọlé láti inú rẹ̀ ni ìbọn.

Ìbọn kò pa idà run lójijì. Ọ̀kọ̀ àti àkàtàm̀pó ni ó kọ́kọ́ tì sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, àkàtàm̀pó: àwọn Fang ní in, ọfà kéékèèké olóró ni wọ́n sì fi ń ta ọ̀bọ lórí igi. Ní àkókò Kingsley, ìbọn ti pọ̀ ní abúlé wọn. Idà ṣì wà lábẹ́ apá, ṣùgbọ́n ó ti ń di ohun àyẹ́sí, ohun tí àgbà fi ń jókòó nínú abaa.

Ohun tí ó pa iṣẹ́ irin ni ìjọba àti ilé-iṣẹ́ olókòwò. Ní ọdún 1899, Faransé pín ilẹ̀ Congo rẹ̀, tí Gàbọ̀n wà nínú rẹ̀, fún ogójì ilé-iṣẹ́, ó sì fún wọn ní àṣẹ lórí ohun tí igbó bá mú jáde. Ẹni tí ó ti ń ta rọ́bà fún ẹni tí ó wù ú wá di ẹni tí a yan oníbàárà fún. Ní Ndjolé, lẹ́bàá odò Ogooué, olórí Fang kan tí ń jẹ́ Emane Tole dí òwò odò náà pa ní ọdún 1901. Wọ́n mú un ní ọdún 1902, wọ́n sì rán an lọ sí ìgbèkùn ní Grand-Bassam, ní Côte d'Ivoire. Àwa tí a mọ ohun tí a fi ojú Béhanzin rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àdá ilé-iṣẹ́ Yúróòpù kún inú ṣọ́ọ̀bù. Kò dára ju ti alágbẹ̀dẹ lọ, ṣùgbọ́n a kì í sun èédú fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó rí i. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ì bá fẹ́ ẹwìrì ti lọ sí ibi iṣẹ́ gẹdú, níbi tí a ti ń san owó Faransé fún wọn. Ẹni tí ó bá ní owó Faransé lọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi san owó orí ìyàwó láìdúró de bikwele àgbà. Èyí ni ọ̀nà tí ilé arọ́ gbà tutù. Alágbẹ̀dẹ kò pàdánù idà nìkan. Ohun tí ó mú kí gbogbo abúlé nílò rẹ̀ ni ó pàdánù.

A dúpẹ́ pé ẹnì kan ya àwòrán kí iná náà tó kú pátápátá. Günther Tessmann, ará Jámánì, wà láàrin àwọn Fang láti ọdún 1907 sí 1909 ní orúkọ ilé àkójọ ìlú Lübeck, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ tí ó pe ní Die Pangwe jáde ní ìdìpọ̀ méjì ní ọdún 1913. Ó ní ẹ̀tanú ìgbà rẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí ohun-èlò Fang ṣe rí ní ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń lò ó, kí ó tó di ohun inú díńgí, kò lè fo ìwé yìí.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbọ́ ohun tí irin jẹ́ lẹ́nu àwọn Fang fúnra wọn, mvett ni kí ó lọ gbọ́. Mvett ni orúkọ ohun-èlò olókùn tí ó ní igbá lábẹ́, òun náà sì ni orúkọ ìtàn gígùn tí akéwì ń fi í sọ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Tsira Ndong Ndoutoume, ọmọ Gàbọ̀n, tẹ apá kan nínú rẹ̀ jáde ní èdè Faransé ní ọdún 1970. Ìlú méjì ni ó ń bá ara wọn jà nínú ìtàn náà: Engong, ìlú àwọn tí kì í kú, tí Akoma Mba jẹ́ olórí wọn, àti Oku, ìlú àwọn tí ń kú. Irin ni agbára àwọn ará Engong. Àwọn ará Oku kò dẹ́kun láti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi jí àṣírí náà. Ó yẹ fún àkíyèsí pé ní àkókò tí àdá ṣọ́ọ̀bù ti gba gbogbo abúlé, tí kò sì sí ẹni tí ń yọ́ irin mọ́, irin kò kúrò lẹ́nu akéwì.

Ní ti àwọn idà tí ó wà ní Yúróòpù, ohun tí ó dùn wá jù ni pé kò sí orúkọ. Ère irin Gou tí Akati Ekplekendo rọ fún ọba Danhomè wà ní Louvre títí di òní, kò sì sí lára àwọn iṣẹ́ 26 tí Faransé dá padà sí Cotonou ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, a mọ orúkọ ẹni tí ó rọ ọ́, a sì lè fi orúkọ náà béèrè rẹ̀. Lórí idà Fang, orúkọ olùkójọ ni a sábà máa ń kà, pẹ̀lú ọdún tí ó fi í tọrẹ. Àkọ̀ ti bọ́ sọnù lára ọ̀pọ̀ wọn. Bikwele wà nínú yàrá mìíràn, lábẹ́ àkọlé "owó", bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó rọ ọ́. A rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n bá dé irú ilé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n rìn láti yàrá kan dé èkejì, kí wọ́n wo ìlà tí ó wà lójú irin méjèèjì.

Ìjọba Gínì Ibialágedeméjì rántí orúkọ náà. Ní ọdún 1975, nígbà tí wọ́n fẹ́ jáwọ́ nínú owó tí ó ń jẹ́ orúkọ Sípéènì, ekuele ni wọ́n sọ owó tuntun wọn. Láti ọdún 1979, wọ́n ń kọ ọ́ ní epkwele, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ni bipkwele. Kò sí alágbẹ̀dẹ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá péré ni ó lò. Ní ọdún 1985, wọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ tí ń ná sẹ́fà, sẹ́fà ti Áfíríkà Àárín tí àwọn ènìyàn wa ń kó bọ̀ láti Libreville, tí a kì í sì gbà ní ọjà Àjàṣẹ́. Bipkwele mẹ́rin ni wọ́n fi pààrọ̀ sẹ́fà kan.